Bí A Ṣe Ń Wọn Ipa Ọ̀nà Ìgbèríko Tí A Tún Ṣe: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àwọn olórí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe ìwádìí máa ń béèrè lemọ́lemọ́. A bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọrùn.

Kí ni à ń pè ní ipa ọ̀nà, báwo ló sì ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọ̀nà fúnra rẹ̀?

Iye kìlómítà tí wọ́n ṣe, iye afárá tí wọ́n kọ́ àti iye owó tí wọ́n san fún agbaṣẹ́ṣe jẹ́ ìròyìn nípa iṣẹ́, wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìgbé ayé ẹnikẹ́ni. Ipa ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín bí nǹkan ṣe rí fún àwọn ará abúlé lẹ́yìn tí ọ̀nà dé, àti bí ì bá ṣe rí fún àwọn kan náà, ní àkókò kan náà, ká ní ọ̀nà náà kò dé. Apá kejì gbólóhùn yìí ló le, nítorí kò sí ojú tó lè rí i. Gbogbo ọgbọ́n tó wà nínú iṣẹ́ yìí, ọgbọ́n bí a ó ṣe fojú bu apá kejì yẹn ni.

Ní 1986, ìjọba ológun Ibrahim Babangida dá ètò DFRRI sílẹ̀ láti mú oúnjẹ, ọ̀nà àti ohun amáyédẹrùn dé ìgbèríko. Títí di òní, bí ẹnu bá kan ètò náà, orí iye kìlómítà ni iyàn máa ń dá lé. Kí iyàn náà tilẹ̀ parí, kò lè sọ fún wa bóyá ẹnikẹ́ni ta iṣu ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Àwọn nǹkan wo gan-an ni a ń wọ̀n?

Ẹ fi wọ́n sí ìpele mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ohun tó yí padà lójú ọ̀nà: ìṣẹ́jú tí ìrìnàjò ń gbà, owó ọkọ̀ fún èrò àti fún ẹrù, iye ọkọ̀ tó ń kọjá, àti oṣù tí ọkọ̀ kò lè wọlé rárá. Ìkejì ni ohun tí àwọn ènìyàn ṣe nítorí àyípadà yẹn: ibi tí wọ́n ti ń tajà, irè tí wọ́n ń gbìn, ajílẹ̀ tí wọ́n ń rà, iṣẹ́ tí wọ́n ń lọ ṣe níta oko, bí ọmọ ṣe ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, bí aláboyún ṣe ń dé ilé-ìwòsàn. Ìkẹta ni ìgbé ayé fúnra rẹ̀: ìnáwó inú ilé, oúnjẹ, ìlera àti dúkìá.

Ìwádìí púpọ̀ máa ń sáré lọ sí ìpele kẹta láìwọn àkọ́kọ́. Àṣìṣe ńlá ni. Bí owó ọkọ̀ kò bá yí padà, kò sí ìdí tí ohun tó kù yóò fi yí padà, bí nọ́ńbà kan bá sì fi hàn pé ó yí padà, nǹkan mìíràn ló yí i.

Kí ni Ìwọ̀n Àǹfààní Ọ̀nà Ìgbèríko (RAI), ṣé ó sì tó wa lò?

Ìwọ̀n yìí, tí Báǹkì Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 2006, ń béèrè ohun kan ṣoṣo: nínú gbogbo ará ìgbèríko, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló ń gbé níbi tí kò ju kìlómítà méjì lọ sí ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn? Kìlómítà méjì jẹ́ ìrìn ẹsẹ̀ bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ìwọ̀n náà sínú àwọn Àfojúsùn Ìdàgbàsókè rẹ̀, nọ́ńbà 9.1.1. Nínú ìṣirò tí Báǹkì Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2016, ìdá 25.5 ni Nàìjíríà ní, nígbà tí Bangladesh ní 86.7.

Ó dára fún fífi ìpínlẹ̀ wé ìpínlẹ̀ àti fún yíyan ibi tí ọ̀nà ti kéré jù. Kò tó fún wíwọn ipa. Odò lè wà láàárín kìlómítà méjì náà, ọ̀nà lè dán kí ọkọ̀ má sì gbà á. Yàtọ̀ sí èyí, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí olúkúlùkù ń gbé, bẹ́ẹ̀ sì ni 2006 ni Nàìjíríà ka ènìyàn gbẹ̀yìn. Àwòrán sátẹ́láìtì àti ìfojúbù ni wọ́n fi ń dí àlàfo yẹn.

Nígbà wo ló yẹ kí ìwádìí bẹ̀rẹ̀?

Kí katapílà tó dé. Kódà, kí ìròyìn pé katapílà ń bọ̀ tó tàn kálẹ̀, nítorí iye ilẹ̀ a máa lọ sókè kí wọ́n tó gé igi kan ṣoṣo, àwọn mìíràn a sì ti gbin ohun tí wọn kì í gbìn tẹ́lẹ̀ dè é.

Bí wọ́n bá pè yín lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, gbogbo rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Láti 2010 ni NBS, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìṣirò àti àkójọ nọ́ńbà, ti ń ṣe ìwádìí ilé-dé-ilé tí wọ́n ń pè ní GHS-Panel, tí wọ́n ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìdílé kan náà lẹ́yìn ìgbà gbígbìn àti lẹ́yìn ìkórè. Bí abúlé yín tàbí èyí tó jọ ọ́ bá bọ́ sínú rẹ̀, ẹ ní ibi tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ lé. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ilé-ìwòsàn náà wúlò. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí a bi àgbẹ̀ pé èló ni ó ta àgbàdo ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Yóò dáhùn, nítorí ó bọ̀wọ̀ fún àlejò.

Ọjọ́ mélòó ló yẹ kí a fi ka ọkọ̀?

Àwọn ìlànà tó ti òkè òkun wá sábà máa ń sọ pé ọjọ́ méje, nítorí pé ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje ló ń darí ìrìnàjò níbi tí wọ́n ti kọ wọ́n. Ní ìgbèríko Yorùbá, ọjọ́ ọjà ló ń darí ọkọ̀. Ọjà ọrún ń bọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ọjà ìsán lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ-mẹ́jọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn àgbà, tí wọ́n ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, ń pè wọ́n ní márùn-ún àti mẹ́sàn-án. Ẹni tó bá fi ọjọ́ méje kà lè bá ọjà ọrún pàdé lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lè má bá ọjà ìsán pàdé rárá. Bí kíkà ìṣáájú bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà kan, tí kíkà ìkẹyìn sì bọ́ sí méjì, ìwé ìròyìn yóò sọ pé ọkọ̀ ti pọ̀ sí i gan-an, nígbà tó jẹ́ pé kàlẹ́ńdà nìkan ló yí padà.

Ọjọ́ mẹ́jọ tó tẹ̀ léra ni mo fara mọ́. Ọjọ́ yòówù kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ọjà ọrún méjì àti ọjà ìsán kan ni yóò wà nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé oṣù kan náà ni ẹ lọ nígbà méjèèjì, nítorí ọ̀nà abúlé kòkó ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìkórè gbóná, kò jọ ti oṣù Kẹfà rárá. Ẹ ka ẹlẹ́sẹ̀ pẹ̀lú, ní pàtàkì ẹni tó ru ẹrù sórí. Bí ẹ bá ka ọkọ̀ nìkan, ọ̀nà tí igba obìnrin ń fi orí ru pákí gbà lójúmọ́ yóò hàn bí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kì í rìn.

Ṣé dandan ni kí a wọn bí ojú ọ̀nà ṣe ń ṣe gbágungbàgun?

Ó dára bí ẹ bá lè ṣe é. Òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò fún un, IRI, jáde láti inú ìdánwò ńlá kan tí wọ́n ṣe ní Brasília, olú-ìlú Bràsíl, ní 1982. Lónìí, fóònù tí a so mọ́ inú ọkọ̀ lè fojú bù ú dáadáa tó fún iṣẹ́ wa, bí ó bá ṣe ọkọ̀ kan náà àti eré kan náà ni a fi wọ̀n ọ́n nígbà méjèèjì.

Báwo ni a ṣe ń béèrè iye ọjà láìṣìnà?

Ẹ gbé òṣùwọ̀n kìlógíráàmù dání. Kóńgò ìlú kan kò dọ́gba pẹ̀lú kóńgò ìlú kejì, báàgì tí alájàpá fi ń ra àgbàdo ní oko kì í sì í sábà rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n fi ń tà á nílùú, nítorí pé wọ́n máa ń ki ti oko títí orí rẹ̀ yóò fi yọ. Mo ti rí àbájáde tó sọ pé ọ̀nà tuntun ti mú kí owó gàrí lọ sókè lọ́wọ́ àgbẹ̀. Nígbà tí a gbé kóńgò méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, kóńgò ọdún kejì ló tóbi jù.

Iye méjì ni ẹ nílò ní ọjọ́ kan náà: èyí tí àgbẹ̀ gbà ní oko, àti èyí tí oníbàárà san nílùú. Àlàfo àárín wọn ni ọ̀nà yẹ kó dín kù. Bí ó bá dín kù, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tó ti dín kù, nítorí èrè lè bọ́ sápò àgbẹ̀, ó lè bọ́ sápò oníbàárà, ó sì lè dúró sọ́dọ̀ alájàpá.

Ọkọ̀ ń wọ abúlé wa ní ẹ̀ẹ̀rùn tẹ́lẹ̀. Ṣé ipa kan tún kù láti wọ̀n?

Inú òjò gan-an ni ipa náà wà. Ní Nikarágúà, àwọn olùwádìí bá àwọn abúlé tí àgbàrá máa ń gé kúrò lára ọjà ṣiṣẹ́, wọ́n kọ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ fún àwọn kan, wọ́n sì ń fi tẹlifóònù bi àwọn ìdílé ní ọ̀rọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí omi bá kún, owó iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí kò ní afárá ń fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún wálẹ̀. Níbi tí afárá wà, àdánù náà kò sí mọ́. Ìwádìí ẹlẹ́ẹ̀kan-lọ́dún tí wọ́n bá ṣe ní oṣù Kìíní kò lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láé.

Nítorí náà, ẹ bi wọ́n nípa oṣù Kẹsàn-án, kí ẹ sì bi wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án. Ẹ̀yin olùwádìí pàápàá yóò rí ìdáhùn kan gbà nígbà tí ọkọ̀ yín bá rì.

Ṣé a kò kàn lè fi ipò ìṣáájú wé ipò ìkẹyìn?

Ẹ jẹ́ ká rò pé wọ́n ṣe ìwádìí àkọ́kọ́ ní abúlé kòkó kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 2022, tí wọ́n parí ọ̀nà ní 2023, tí wọ́n sì padà lọ ní 2024. Ní oṣù Kẹta 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà àgbáyé, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 2,500 ni ní 2022. Náírà fúnra rẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an láti oṣù Kẹfà 2023. Ẹni tó bá fi ìṣáájú wé ìkẹyìn yóò sọ pé ọ̀nà ti sọ gbogbo abúlé náà di olówó.

Ẹ wá wo owó ọkọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti parí, láàárín ọjọ́ mélòó kan, iye lítà epo bẹntiróòlù ti ju ìlọ́po méjì lọ. Pẹ̀lú ìṣirò kan náà, ẹni yìí yóò sọ pé ọ̀nà dídán ló mú kí owó ọkọ̀ gbówó lórí. Ìdáhùn méjèèjì ni kò tọ̀nà, láti inú ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo.

Báwo wá ni a ṣe ń yan abúlé tí a ó fi ṣe àfiwé?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀nà kì í ṣàdédé bọ́ síbì kan. Ó lè lọ sí abúlé tí òwò rẹ̀ ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, tàbí abúlé ìyá ẹni tó wà nípò. Ètò RAAMP, tí Báǹkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ń yá owó fún, tí Ògùn, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Kwara sì wà lára ìpínlẹ̀ tó kópa, dá lórí ọ̀nà tó so oko pọ̀ mọ́ ọjà. Ìyẹn bójú mu fún iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé abúlé tí wọ́n yàn ti yàtọ̀ sí èyí tí wọn kò yàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Íńdíà fún wa ní ọ̀nà àbáyọ kan. Ètò PMGSY, ètò ọ̀nà ìgbèríko ìjọba Íńdíà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2000, fi iye ènìyàn yan abúlé: ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, àwọn ibùgbé tó ní 1,000 ènìyàn ló ṣáájú, kí ó tó kan àwọn tó ní 500. Abúlé tó ní 510 ènìyàn àti èyí tó ní 490 kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, àfi pé ọ̀kan sún mọ́ ọ̀nà ju èkejì lọ. Ní Sierra Leone, tí àwọn baba wa ń pè ní Sàró, máàkì ni wọ́n fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ogun, wọ́n sì tún àwọn tó gba máàkì jù ṣe. Àwọn olùwádìí fi ọ̀nà tó kù díẹ̀ kó wọlé wé èyí tó fi díẹ̀ wọlé.

Bí ìpínlẹ̀ yín bá ní ìwé máàkì irú èyí, ẹ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má ṣe jù ú nù. Bí kò bá sí, ẹ lo àwọn abúlé tí orúkọ wọn wà lórí ètò ọdún tó ń bọ̀. Ó kéré tán, ẹni kan náà ló yan àwọn méjèèjì.

A ti bi 400 ènìyàn ní ọ̀rọ̀. Ṣé kò tó?

Ó dá lórí ibi tí wọ́n ń gbé. Bí 400 náà bá ń gbé abúlé méjì péré, ọ̀kan ní ọ̀nà, èkejì kò ní, abúlé méjì ni ẹ wọ̀n, ẹ kò wọn 400 ènìyàn. Òjò kan, baálẹ̀ kan tó ń jà fún ìlú rẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìfọ́pákí kan tó ṣí ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, yóò borí gbogbo ohun tí ọ̀nà ṣe. Abúlé ogójì pẹ̀lú ìdílé mẹ́wàá-mẹ́wàá sàn ju abúlé mẹ́rin pẹ̀lú ìdílé ọgọ́rùn-ún lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó epo yóò pọ̀.

Ta ni ká bá sọ̀rọ̀ nínú ilé?

Kì í ṣe baálé nìkan. Ní ọ̀pọ̀ ilé, baálé mọ iye kòkó tó tà, kò sì mọ iye tí ìyàwó rẹ̀ san fún ọ̀kadà lọ sí ọjà, tàbí èrè tó rí lórí fùfú. Ẹ bá obìnrin sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí ó jẹ́ obìnrin ni yóò bi í, kí ẹ má sì lọ ní ọjọ́ ọjà, nítorí àwọn tí ọ̀nà wúlò fún jù kò ní sí nílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ tún wá àwọn tó ń ra oúnjẹ jẹ. Ní Sierra Leone tí a mẹ́nu bà, iye ìrẹsì àti pákí wálẹ̀ ní ọjà ìgbèríko lẹ́yìn tí ọ̀nà dára. Ìròyìn ayọ̀ ni fún opó tó ń ra ìrẹsì, ó lè má rí bẹ́ẹ̀ fún àgbẹ̀ tó ń tà á. Ìpíndọ́gba gbogbo abúlé yóò da omi àwọn méjèèjì pọ̀.

Ṣé ọ̀nà lè ṣe ìpalára, ṣé a sì gbọ́dọ̀ wọn ìyẹn náà?

Ó lè ṣe é, ó sì di dandan kí a wọ̀n ọ́n. Eré ọ̀kadà máa ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà dídán tó gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kọjá. Àwọn agégẹdú máa ń rí ọ̀nà wọ inú igbó. Ọjà kékeré tó wà ní abúlé kejì lè kú, nítorí àwọn alájàpá ti ń bá ọ̀nà tuntun lọ. Bí abúlé kejì yìí bá wá jẹ́ abúlé àfiwé yín, àdánù rẹ̀ yóò mú kí èrè ti àkọ́kọ́ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe yan abúlé àfiwé tó bá abúlé ọlọ́nà ná ọjà kan náà.

Báwo ni a ṣe ń yẹra fún kíka èrè kan lẹ́ẹ̀mejì?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé owó ọkọ̀ báàgì gàrí kan fi 500 náírà wálẹ̀, alájàpá fi 300 kún owó àgbẹ̀, ó sì fi 200 sápò. Èrè gbogbo rẹ̀ jẹ́ 500. Mo ti rí ìwé tó kọ 500 sábẹ́ owó ọkọ̀, tó tún kọ 300 sábẹ́ owó oko, tó sì tún fi ìlọsókè iye ilẹ̀ kún un, bẹ́ẹ̀ ìrètí 300 yẹn ló gbé iye ilẹ̀ sókè.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rin ìrìnàjò yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ti ń lọ tẹ́lẹ̀ jèrè gbogbo owó tó wálẹ̀. Ẹni tí kò lọ rí títí owó fi wálẹ̀ kò ka ìrìnàjò náà sí ohun tó tó iye ti àtijọ́, nítorí náà, ìdajì ni àwọn onímọ̀ ètò-ọ̀nà máa ń kà fún un.

Ọdún mélòó ni kí a dúró?

Owó ọkọ̀ yẹ kó ti hàn láàárín ọdún kan. Irè oko ń gba ìgbà gbígbìn méjì tàbí mẹ́ta, ti igi kòkó sì pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ń gba ọdún púpọ̀. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀nà oníyẹ̀pẹ̀ pupa tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú lè ti bàjẹ́ lẹ́yìn òjò ọdún mẹ́ta, kí ẹ sì máa wọn ipa ọ̀nà tí kò sí mọ́. Ẹ kọ ipò ojú ọ̀nà sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá padà lọ, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ìtọ́jú rẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, bí ó bá wà.

Kí ni ká ṣe bí àbájáde bá fi hàn pé owó àwọn ará abúlé kò pọ̀ sí i?

Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìwádìí lórí PMGSY rí i pé, ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí ọ̀nà dé, ohun tó yí padà jù ni pé àwọn òṣìṣẹ́ fi iṣẹ́ oko sílẹ̀ lọ sí iṣẹ́ mìíràn. Irè oko, owó tó ń wọlé àti dúkìá kò yí padà lọ títí. Ní Etiópíà, ìwádìí tí wọ́n ṣe ní abúlé 15 láàárín 1994 sí 2004 sọ ohun tó yàtọ̀: ọ̀nà tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn ń fi ìdá 6.9 nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ènìyàn dín iye àwọn tálákà kù. Ìlànà ìwádìí méjèèjì kò rí bákan náà, àwọn abúlé wọn pẹ̀lú kò jọra.

Kí ẹ tó sọ pé ọ̀nà tiyín kò wúlò, ẹ padà sí ìpele àkọ́kọ́. Bí ojú ọ̀nà bá dán, tí ìṣẹ́jú ìrìnàjò dín kù, ṣùgbọ́n tí owó ọkọ̀ kò wálẹ̀, ẹ lọ sí gáréèjì kí ẹ béèrè ẹni tó ń dá iye owó náà, àti iye ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ awakọ̀ ń jẹ́ kó tò fún ojú ọ̀nà yẹn. Bí owó ọkọ̀ bá wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí owó inú ilé kò pọ̀, ẹ fi ìwé orúkọ ìdílé ti ìṣáájú wé ti ìkẹyìn, kí ẹ ka àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde lọ, kí ẹ sì béèrè iye tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé, nítorí ìwé ìbéèrè tó ń ka owó àwọn tó ń sùn sínú ilé nìkan kò lè rí ti ẹni tí ọ̀nà ti gbé lọ.